Àìrìnpọ̀ Táyà: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwa Onímọ́tò

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin dírẹ́bà tí ẹ ti wà lójú ọ̀nà láti ìdájí, ẹ̀yin fọkanáísà, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin tí ẹ ń ta táyà, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ní mọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fi ń gbé ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú làálàá ọ̀nà. Ọ̀nà kò ní nà wá o.

Mo gbọ́ àmín yín, ó dún dáadáa. Àmọ́ kí àmín náà lè rọ Ọlọ́run lọ́rùn, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹsẹ̀ mọ́tò wa.

Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí ọká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró dè wọ́n? Táyà náà nìyẹn. Mẹ́rin ni wọ́n. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti fara kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin ló gbé irin tó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, tó tún gbé ẹ̀yin àti ẹrù yín, tí ó sì ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá fohùn ṣọ̀kan ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí táyà tí kò bára wọn mu: èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀, èyí tó gbó ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, àti èyí tó jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó sì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Gbólóhùn kan ló wà lọ́kàn mi, òun ni gbogbo àlàyé yòókù ń tì lẹ́yìn: a kì í ra táyà ní ẹyọ kan. Méjì méjì ni, ọ̀tún àti òsì, lórí ọ̀pá kan náà. Mo mọ̀ pé owó ò sí. Mo mọ iye tí táyà ń jẹ́ lọ́jà. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi ná.

Apá kìn-ín-ní: ẹ ka ohun tó wà lára táyà

Ẹ wá síbi Corolla tó wọ́pọ̀ láàárín wa, èyí tí wọ́n ṣe láti 2003 sí 2008. Lára táyà ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ 195/65R15 91H. Kí ni wọ́n ń wí?

195 ni ìbú táyà, mílímítà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láti etí ríìmù dé ibi tó ń tẹ ilẹ̀: ìdá 65 nínú 100 ìbú yẹn, èyí tó dín díẹ̀ ní mílímítà 127. R ń sọ bí wọ́n ṣe tẹ́ okùn inú rẹ̀, ìyẹn rédíà. 15 ni ríìmù, íǹṣì 15. 91 ni nọ́ńbà ẹrù, kílò 615 fún táyà kan. H ni eré tí kò gbọdọ̀ kọjá, kìlómítà 210 ní wákàtí. T jẹ́ 190, V jẹ́ 240.

Ó dáa. Táyà kan bẹ́ lọ́nà. A yà sọ́dọ̀ fọkanáísà, a béèrè tókúnbọ̀. Ó wo inú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, “Ọ̀gá, 195 ti tán o, 205 ló wà. Á wọ̀ ọ́.” Òótọ́ ló sọ. Á wọ̀ ọ́, nítorí 205/65R15 tó fà yọ, ti Camry 2002 sí 2006, ríìmù íǹṣì 15 náà ni. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò o.

Bí ẹ bá gbé 195/65R15 dúró, láti ilẹ̀ dé orí rẹ̀ jẹ́ mílímítà 634 àti ààbọ̀. 205/65R15 jẹ́ 647 àti ààbọ̀. Mílímítà 13 péré ló wà láàárín wọn, kò tó ìbú ìka kan. Ṣùgbọ́n yíyí ni táyà ń yí. Bí èyí tó kéré bá yí lẹ́ẹ̀kan, yóò rìn mílímítà 1,993. Èyí tó tóbi yóò rìn 2,034. Nínú kìlómítà kan, kékeré yóò yí ní nǹkan bí ìgbà 502, ńlá yóò yí ní 492. Ìgbà mẹ́wàá ni kékeré fi jù ú lọ. Ẹ wá gbé e gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, nǹkan bí kìlómítà 127. Ẹsẹ̀ kan yóò ti yí ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ ní ohun tó lé ní ìgbà 1,200, orí ọ̀pá kan náà ni wọ́n sì wà, ojú ọ̀nà tọ́ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹni tó ra 195 sí 195 ti ń rẹ́rìn-ín? Kó má tíì rín in tán. Eyín táyà tuntun, ìyẹn bí kòtò ojú rẹ̀ ṣe jìn tó, sábà máa ń jẹ́ mílímítà 8. Èyí tó ti ń lọ sópin lè ku 2. Mílímítà 6 ti lọ lókè, 6 ti lọ nísàlẹ̀, ó di 12. Bí a bá sọ ìyẹn di ìrìn ẹ̀ẹ̀kan, ó jẹ́ nǹkan bí mílímítà 38. Ìyàtọ̀ 205 sí 195 tí a fi gbogbo ẹnu bú lẹ́ẹ̀kan, 41 ni. Táyà tuntun pẹ̀lú ògbólógbòó tí nọ́ńbà wọn bára mu, 38 ni! Nọ́ńbà kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì, táyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí “mo ti ra nọ́ńbà tirẹ̀” kò fi tó láti gba ara ẹni sílẹ̀.

Ẹ̀yin oníbọ́ọ̀sì Hiace, mi ò gbàgbé yín. Ọ̀pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì yín, 195R15C ló ń lò. C yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, táyà mọ́tò akẹ́rù ló ń sọ. Nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 106/104: kílò 950 bí táyà bá dá wà lẹ́sẹ̀, 900 bí wọ́n bá so ó ní méjì méjì. Ẹni tó bá ki 195/65R15 sí ẹsẹ̀ kan nítorí pé “195 náà ni, 15 náà ni”, ó ti gbé táyà kílò 615 sábẹ́ ẹrù tí wọ́n yàn fún ti 950. Ó sì ti sọ bọ́ọ̀sì di atiro, torí táyà Corolla fi ohun tó ju sẹ̀ǹtímítà 5 kúrú sí ti Hiace.

Apá kejì: kí ló ń bàjẹ́ gan-an?

Ẹni àkọ́kọ́ tó ń jìyà ni dífù. Nínú mọ́tò tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà, inú gíà ló wà. Nínú èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì, ẹ ó rí i lábẹ́, láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Kọ́nà ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Tí a bá ń ṣẹ́rí sí kọ́nà, ẹsẹ̀ òde ní láti rìn jìnnà ju ti inú lọ, dífù ló ń fún un láyè. Bí ojú ọ̀nà bá tọ́ tí táyà sì bára mu, àwọn jíà kéékèèké inú rẹ̀ kì í yíra wọn, ńṣe ni gbogbo wọn jùmọ̀ ń lọ pọ̀. Bí táyà kò bá bára mu, kò sí ìsinmi fún wọn: láti Bẹ́ẹ̀gà títí dé Ìwó Róòdù, bí ẹni pé kọ́nà ni gbogbo ọ̀nà náà. Ooru á mú, ọ́ìlì á gbó, irin á máa jẹ irin.

Mi ò ní fi àsọdùn dẹ́rù bà yín. Mọ́tò kékeré tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà lè gbé ìyà yìí pẹ́ kí dífù tó ké. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹtì ni mọ́tò tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà: RAV4 kan, Highlander kan, Lexus RX kan. Kì í ṣe gbogbo wọn ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà o, ẹ wo ẹ̀yìn mọ́tò bóyá wọ́n kọ AWD tàbí 4WD sí i, tàbí kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ọ̀pá gígùn wà láti iwájú lọ sẹ́yìn. Nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ohun kan wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn tó ń pín agbára. Bí iwájú bá ń yí ju ẹ̀yìn lọ nígbà gbogbo, yóò rò pé ẹsẹ̀ ń yọ̀, yóò máa dì mọ́ra, yóò máa gbóná, títí yóò fi jóná. Subaru, tí àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà ń wà dáadáa, ní ìyàtọ̀ ìrìn ẹ̀ẹ̀kan àwọn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gbọdọ̀ ju ìdámẹ́rin íǹṣì lọ, ìyẹn mílímítà 6. Tí ẹ bá dá a padà sí eyín táyà, mílímítà kan péré ni! Nítorí náà, lórí mọ́tò AWD, ẹni tó ra táyà tuntun kan sáàárín mẹ́ta tó ti jẹ ààbọ̀, owó gíà ló ń kó jọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹnìkejì tó ń jìyà ni ọwọ́ yín lórí sítíárìn. Mọ́tò á máa fà sí apá ibi tí táyà ti kéré tàbí tí atẹ́gùn rẹ̀ ti dín. Ẹ ó máa fi ọwọ́ dá a padà láì mọ̀, ìgbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ni èjìká á máa ro yín.

Ẹnìkẹta ni bíréèkì, èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí. Bíréèkì kì í dá mọ́tò dúró. Ẹsẹ̀ mọ́tò ló ń dá dúró, táyà tó di ilẹ̀ mú ló ń dá mọ́tò dúró. Bí táyà ọ̀tún bá di ilẹ̀ mú tí ti òsì ń yọ̀, tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, imú mọ́tò yóò fà sí ọ̀tún, ìdí yóò sì fẹ́ gba òsì. ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ́tò dì pa bí a bá tẹ bíréèkì, yóò sa ipá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi eyín sí táyà tí kò léyín.

Lójú òjò ńkọ́? Kòtò ojú táyà kì í ṣe ẹwà, ojú àgbàrá ni. Inú rẹ̀ ni omi abẹ́ táyà ń gbà sá kúrò. Bí kòtò náà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán, tí eré sì pọ̀, omi kò ní ráyè lọ, táyà á gun orí omi, sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín bí ẹni pé kò so mọ́ nǹkan kan. Òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní kó má dín sí mílímítà 1.6, wọ́n sì ti fi àmì rẹ̀ sínú táyà fúnra rẹ̀: àwọn òkè kéékèèké tó dábùú inú kòtò. Bí ojú táyà bá ti bá wọn dọ́gba, ó ti tán. Àmọ́ fún òjò tiwa yìí, èmi ò ní dúró de 1.6. Tó bá ti ku 3, ẹ ti máa wá owó.

Apá kẹta: táyà tó jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan

Ọmọdé bí ó bá ṣubú a wo iwájú, àgbà bí ó bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Bí táyà bá jẹ ségesège, ọmọdé á sáré lọ ra òmíràn. Àgbà á béèrè pé: kí ló jẹ ẹ́? Nítorí ohun tó jẹ ti àná ṣì wà lábẹ́ mọ́tò, ebi sì tún ti ń pa á.

Ẹ̀yin tí kò ní irin tí a fi ń wọn táyà, ẹ mú igi ìgbálẹ̀ kan. Ẹ tì í bọ inú kòtò ojú táyà títí yóò fi kanlẹ̀. Ẹ fi èékánná dì í mú níbi tó ti bá ojú táyà dọ́gba, ẹ gbé e sórí rúlà. Ẹ ṣe é níbi mẹ́ta lára táyà kọ̀ọ̀kan: etí inú, àárín, etí òde. Ẹ kọ nọ́ńbà 12 tó jáde sórí ìwé. Etí inú yẹn ni kí ẹ má fò o. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò kò lè rí i. Ẹ yí sítíárìn dópin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Táyà tí ẹ rí lóde pé ó ṣì dára, wáyà lè ti yọ nínú.

Ẹ jẹ́ ká ka ìwé náà pọ̀. Bí àárín bá jẹ́ 3 tí etí méjèèjì jẹ́ 6, atẹ́gùn ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin fọkanáísà, ẹ má bínú, ọwọ́ yín ló pọ̀ jù níbẹ̀: ẹ máa ń fọn PSI (ìwọ̀n atẹ́gùn) 45, 50 sí mọ́tò tí wọ́n kọ 32 sára ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ ní ó máa jẹ́ kó fúyẹ́. Ó fúyẹ́ lóòótọ́, torí àárín nìkan ló ń tẹ ilẹ̀.

Bí etí méjèèjì bá jẹ́ 3 tí àárín jẹ́ 6, atẹ́gùn ti dín. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀gbẹ́ táyà á máa ká, á máa nà, ìgbà gbogbo tó bá ti yí. Kíká àti nínà yẹn ń dá ooru sílẹ̀, ooru ń tú rọ́bà kúrò lára wáyà inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ táyà tó ń bẹ́ lọ́sàn-án gangan ti ń wá. Ẹni tó wà níbẹ̀ á ní ayé ló ṣe é. Gééjì ì bá ti sọ òótọ́ fún un láàárọ̀.

Bí etí kan ṣoṣo bá jẹ, ẹsẹ̀ kò dúró déédéé: bóyá ó ṣẹ́ sínú tàbí sóde lókè, bóyá imú ẹsẹ̀ méjèèjì súnmọ́ra jù tàbí jìnnà síra jù. Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ̀ ọ́n láìsí ẹ̀rọ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà láti inú bọ̀ sóde, kí ẹ tún rà á láti òde lọ sínú. Ẹ ṣọ́ra fún wáyà tó bá ti yọ o. Tó bá ń jọ̀lọ̀ nígbà tí ọwọ́ ń lọ tó sì mú nígbà tí ọwọ́ ń bọ̀, imú ẹsẹ̀ ni. Táyà ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń lọ síwájú.

Bí ojú táyà bá ní kòtò-kòtò káàkiri, tó jẹ níbí tó kù lọ́hùn-ún, ẹ ó tún máa gbọ́ tó ń hùn nísàlẹ̀ bíi bíárìn tó ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ra bíárìn tuntun lórí ọ̀rọ̀ yìí, ariwo náà kò lọ. Ṣọ́kì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tó bá ti kú, ẹsẹ̀ á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ọ̀nà, ibi tó bá bà sí ló ń jẹ. Ẹ tẹ igun mọ́tò mọ́lẹ̀ kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀: tó bá ju ìgbà méjì lọ kó tó dúró, ẹ mọ ohun tó ń ṣe é. Balancing, ìyẹn mímú kí ìwúwo ẹsẹ̀ dọ́gba yípo, tó ti yẹ̀ náà lè fà á, òun ló máa ń gbọn sítíárìn tí eré bá ti dé kìlómítà 80 sí 110 ní wákàtí.

Kí ẹ tó lọ fún alignment, ìyẹn títò ẹsẹ̀ mọ́tò kó dúró déédéé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè lórí jáàkì, kí ẹ ti igi tàbí òkúta mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Bó bá ń mì, ẹ wo ball joint, oríkèé tó so ẹsẹ̀ mọ́ abẹ́ mọ́tò, àti bíárìn. Ẹ di í mú ní ọ̀tún àti òsì, ẹ tún mì í. Bó bá mì, tie rod, irin tí sítíárìn fi ń yí ẹsẹ̀, ni kí ẹ wò. Alignment tí wọ́n ṣe sórí ball joint tó ti gbó, owó ló gbé lọ, kòtò àkọ́kọ́ tí ẹ bá wọ̀ yóò dà á rú. Bí mẹkáníìkì bá sì ti pààrọ̀ tie rod fún yín, tó ka ìgbà tó yí i tàbí tó fi ojú wọ̀n ọ́n, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ gbé e lọ sórí ẹ̀rọ.

Ohun kan tí wọn kì í sábà sọ fún oníbàárà ni pé alignment kì í wo táyà tó ti jẹ dídàgẹ̀rẹ̀ sàn. Táyà náà yóò ṣì máa fà, tí ẹ ó fi rò pé oníṣẹ́ alignment ló rẹ́ yín jẹ.

Apá kẹrin: tókúnbọ̀

Michelin dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Port Harcourt ní 2007. Dunlop náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni à ń wò fún táyà tuntun, ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a ń wo òkè òkun kan náà fún tókúnbọ̀. Mi ò wá bú ẹnikẹ́ni tó ń rà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń rà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí eyín táyà rẹ̀ bá dín sí 1.6 lè san owó ìtanràn tó tó pọ́n-ùn 2,500 pẹ̀lú pọ́íǹtì 3 lórí láísẹ́ǹsì rẹ̀, lórí táyà kọ̀ọ̀kan o. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, wọn a máa tú u kó tó débẹ̀. Ìyẹn yé wa. Àmọ́ táyà tókúnbọ̀ tí eyín rẹ̀ ṣì ga gidi ńkọ́? Kí ló dé tí òyìnbó fi tú u sílẹ̀? Ó lè jẹ́ pé mọ́tò ló kán. Ó lè jẹ́ pé ọdún rẹ̀ ti lọ. Ó sì lè jẹ́ pé táyà òtútù ni.

Ẹ gbọ́ ti táyà òtútù yìí dáadáa. Ní Jámánì àti àwọn ilẹ̀ tí yìnyín ń bọ́ sí, táyà ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò nígbà òtútù. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀, torí wọ́n ṣe é fún ojú ọjọ́ tó bá lọ sílẹ̀ ju 7 lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Àmì tí ẹ ó fi dá a mọ̀ ni àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí ẹyọ yìnyín wà nínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ẹ ó tún rí ilà tín-ín-rín wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fà kọ́lọkọ̀lọ sójú rẹ̀. Ẹ wá gbé e bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní oṣù Kẹta, lórí ọ̀dà tó ti gba oòrùn láti àárọ̀. Á rọ̀ jù, á jẹ kíákíá, á máa mì tìtì ní kọ́nà. Tó bá tún jẹ́ pé ọ̀kan ló wà lọ́tùn-ún tí táyà ooru wà lósì, ẹ padà síbi tí mo ti sọ̀rọ̀ bíréèkì.

Ọjọ́ orí: ẹ wá ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà DOT sí lára táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta, kí ọdún 2000 tó dé ni wọ́n ti ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi gbin òdòdó. Ìhà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ ọjọ́ náà sí nígbà mìíràn, tí ẹ kò bá rí i lóde, ẹ yí táyà sódì. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe mọ́tò ní kí a pààrọ̀ táyà tó bá ti pé ọdún 6, bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ ṣì pé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de táyà tó ti lé ní ọdún 10 ní ẹsẹ̀ iwájú tirélà àti bọ́ọ̀sì láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì 2021. Rọ́bà ń gbó lórí pẹpẹ bó ṣe ń gbó lójú ọ̀nà.

Ẹ ṣọ́ra fún táyà tí wọ́n fi irin gbígbóná gbẹ́ kòtò tuntun sí. Bí ẹ kò bá rí àwọn òkè kéékèèké inú kòtò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ béèrè ibi tó wọlẹ̀ sí. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti gbẹ́ ẹ dé itòsí wáyà. Ẹ tún ṣọ́ra fún táyà tí wọ́n ki bọ inú ara wọn nínú kọ̀nténà, ọ̀kan nínú òmíràn, kí ẹrù lè pọ̀. Tuntun ni wọ́n máa ń pè é. Ẹ wo etí rẹ̀ tó ń wọ ríìmù: bó bá ti ká tàbí tó ti ṣẹ́, tí táyà kò róbótó mọ́, iye tó wù kó jẹ́, ẹ má gbé e.

Apá karùn-ún: tí owó bá tó fún méjì péré

Ẹ ra méjì. Orúkọ kan náà, nọ́ńbà kan náà, ọjọ́ orí tó súnmọ́ra. Ibo la ó wá fi wọ́n sí?

Mo gbọ́ yín: iwájú! Ẹ ní iwájú ló ń fa mọ́tò. Ẹ̀yìn ni o. Òwe wa ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, àmọ́ òwe yẹn kò ṣiṣẹ́ lójú òjò. Bí táyà iwájú bá yọ̀, mọ́tò á fẹ́ lọ tààrà dípò kó yí, ẹ ó sì ti mọ̀ ọ́n lórí sítíárìn. Ẹ ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tí a ń tẹ̀ fún eré, ẹrù mọ́tò á wá síwájú, táyà á tún di ilẹ̀ mú. Bí ti ẹ̀yìn bá yọ̀, kò sí ẹni tó máa sọ fún yín. Ìdí mọ́tò á ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹrù á fi ẹ̀yìn sílẹ̀ lọ síwájú, á wá yọ̀ sí i. Ìgbà díẹ̀ sí i, ibi tí ẹ ti ń bọ̀ ni ẹ ó máa wò. Bí ti iwájú bá ti gbó dé ibi tí ẹ̀rù ń bà yín láti fi í síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: mẹ́rin ni ẹ nílò.

Kí wọ́n má baà gbó ségesège, ẹ máa pààrọ̀ àyè wọn ní gbogbo kìlómítà 8,000 sí 10,000. Fún mọ́tò tí iwájú ń fà, táyà iwájú lọ sẹ́yìn tààrà, ti ẹ̀yìn gba àgbélébùú wá síwájú, ọ̀tún sí òsì. Fún èyí tí ẹ̀yìn ń tì, ẹ yí i padà: ẹ̀yìn wá síwájú tààrà, iwájú gba àgbélébùú lọ sẹ́yìn. Àyàfi táyà tó ní ọfà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kí ẹ ti pààrọ̀ tirẹ̀, torí ó mọ apá ibi tó fẹ́ yí sí.

Ẹni kan lè bi mí pé: bí ọ̀kan bá bẹ́ tí mẹ́ta yòókù ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tuntun ńkọ́? Ẹ ra ẹyọ kan, mo fún yín láyè, kó jẹ́ orúkọ kan náà, kí igi ìgbálẹ̀ sì jẹ́rìí pé eyín wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

Ó ku nǹkan kéékèèké. Òwúrọ̀, kí mọ́tò tó rìn, ni kí ẹ wọn atẹ́gùn, kó jẹ́ iye tó wà lára ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Iye tó wà lára táyà fúnra rẹ̀, ìdíwọ̀n tó pọ̀ jù ni, kì í ṣe tiyín. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìrìn àjò, nọ́ńbà á ga, ẹ má tú u sílẹ̀. Nọ́ọ̀tì ríìmù Corolla, 103 lórí sípánà tó ń ka agbára, Nm ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kì í ṣe kí ọmọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan gun orí sípánà. Ẹ dì wọ́n ní ìdojúkọ, kì í ṣe yípo, ẹ sì tún wò wọ́n lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100.

Sípíà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú búùtù, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T, PSI 60 ló ń gbà, kìlómítà 80 ní wákàtí sì ni òpin eré rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, torí ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ ni ẹ ó bá a ní òfo. Bí táyà iwájú mọ́tò tí iwájú ń fà bá jò, ẹ má fi sípíà yìí síwájú. Ẹ tú táyà ẹ̀yìn kan wá síwájú, kí ẹ fi sípíà sẹ́yìn, ó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, dífù yóò sì bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Ilé fọkanáísà tó súnmọ́ jù ni kí ẹ bá a dé, kì í ṣe Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ ṣé o. Mo rí bàbá kan tó ti nawọ́ sókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún tipẹ́. Ẹ jẹ́ ká gba ìbéèrè wọn.